Ìrìn-àjò Òjò Dídì: Ẹ̀kọ́ Ni Kí Ọ̀dọ́ Eléré Síkíì Tìtorí Rẹ̀ Lọ

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún Ìdúpẹ́, ní ìparí oṣù kọkànlá, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ West Yellowstone ní ìpínlẹ̀ Montana a máa kún fún àlejò. Àwọn onílé kò ju nǹkan bí 1,300 lọ. Ẹni tí ó wá wo ẹranko nínú ọgbà ìpamọ́ Yellowstone ti padà sílé láti ìgbà ooru. Eléré síkíì ni àlejò ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀dọ́ tí kò tíì jáde ilé-ìwé girama sì pọ̀ nínú wọn. Inú ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n fún ara wọn mọ́, àpò gígùn tí wọ́n kó síkíì sí wà lókè orí ọkọ̀, ìwé ilé-ìwé wà lórí itan wọn, nítorí olùkọ́ ìṣirò kò ní dá iṣẹ́ àṣetiléwá dúró torí pé òjò dídì ti bọ́ ní Montana. Ọmọ tí ó ti Minneapolis wá ti rin ohun tí ó lé ní 1,500 kìlómítà kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan òjò dídì àkọ́kọ́ ọdún náà. Ọjọ́ díẹ̀ ni yóò lò, yóò sì tún gba ọ̀nà kan náà padà.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí ń darí eré yìí dáhùn ní gbangba: kí ni ìrìn-àjò náà wà fún? Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí yóò bá wọn jà. Ìrìn-àjò a máa la ọmọdé lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ kan mọ́ ẹni iwájú, tí ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ sì ti di ẹni ẹ̀yìn kí òjò dídì tó bọ́ ní ìlú tirẹ̀, a jẹ́ pé àpò òbí ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì ń pe ìwọ̀n rẹ̀ ní ẹ̀bùn ọmọ.

Ó yẹ kí a mọ irú eré tí à ń sọ. Síkíì ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn fi ń yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè gíga lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbé e dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ àti apá eléré fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ tirẹ̀. Pátákó méjì tí ó gùn, tí ó sì tín-ín-rín, ni ó so mọ́ iwájú bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀pá méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń la igbó kọjá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sá a. Ní ti àtijọ́, síkíì méjèèjì ń tọ ojú ipa tí ẹ̀rọ ti fà sílẹ̀. Ní ti ìyọ̀, ẹsẹ̀ ń tì sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti ẹni tí ń yọ̀ lórí yìnyín. Eré èémí ni, eré sùúrù sì ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ara fi ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ń fi oṣù kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n.

Ìgbà ooru ni iṣẹ́ ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, ọ̀dọ́ eléré ń sáré ẹsẹ̀, ó ń gbé irin, ó ń fi ọ̀pá gun òkè, ó sì ń sá eré lórí ọ̀dà pẹ̀lú síkíì kúkúrú tí ó ní táyà kéékèèké níwájú àti lẹ́yìn. Síkíì onítáyà yìí a máa fún ara lágbára, ṣùgbọ́n a máa tan ẹsẹ̀ jẹ. Táyà ń gbá ọ̀dà mú, nítorí náà ọmọ tí kò tì dáadáa yóò ṣì máa lọ síwájú. Òjò dídì kì í gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n ara kò bá sí lórí síkíì ní àsìkò tí ó yẹ, ẹsẹ̀ yóò yọ̀ padà sẹ́yìn, agbára yóò sì ṣòfò. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lórí òjò dídì fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọmọ ti ń tún ìdúró kọ́, tí ó ti ń mọ ìda tí yóò fi pa abẹ́ síkíì nígbà tí òtútù bá le àti èyí tí yóò lò nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, tí ó sì ti ń rí àwọn àgbà eléré tí ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ọmọ ọdún 15 tí ó tẹ̀lé ẹ̀yìn eléré Òlíńpíìkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ti gba ẹ̀kọ́ tí fídíò kò lè kọ́ ọ.

Gbogbo èyí dára. Ohun tí kò dára ni kí ẹni tí ó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ tún máa fi eré kan náà dán ara rẹ̀ wò fún òṣùwọ̀n. West Yellowstone ga tó nǹkan bí 2,000 mítà sí òkun. Ní irú ibẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ènìyàn fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti etí òkun. Ọkàn yóò máa lù kìkì ju bí ó ti yẹ lọ, oorun kì í fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ ní òru àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ a sì wúwo lórí òkè tí ọmọ náà lè fò gùn nílé. Ara a máa bá a mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó ń gbà, ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń fẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó yí padà. Ọmọ tí ó ti ìlú pẹrẹsẹ bíi Minneapolis dé ní ọjọ́ Àìkú, tí ó sì dúró lójú ìlà eré ní ọjọ́ Ẹtì, kò tíì bá ibẹ̀ mọ́ra. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a bí sí orí òkè ní Montana tàbí Colorado kò ní ìṣòro yìí. Àkókò tí aago kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì yóò fara jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn kan náà ni ó ń sọ.

Bí ara bá ti sọ tirẹ̀ tán, owó ni ó kù. Kò sí ẹni tí ó nílò ìṣirò ńlá láti mọ bí ó ti ń lọ. Epo ọkọ̀ tàbí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wà níbẹ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì àti ti oúnjẹ wà níbẹ̀, owó ìwọlé sí ojú ọ̀nà síkíì àti owó ìforúkọsílẹ̀ eré wà níbẹ̀, owó olùkọ́ni náà sì wà níbẹ̀, nítorí òun pẹ̀lú ní láti sùn kí ó sì jẹun. Ọmọ kan kì í ní síkíì kan. Ti ọ̀nà àtijọ́ yàtọ̀, ti ìyọ̀ yàtọ̀. Èyí tí ó dára nínú òtútù líle kò dára lórí ilẹ̀ rírọ̀. Bàtà ń kéré mọ́ ẹsẹ̀ lọ́dọọdún nítorí ọmọ ń dàgbà. Òbí tí ó ní ọmọ méjì nínú eré yìí mọ̀ pé oṣù kọkànlá lè jẹ owó tí ó yẹ kí ó gbé ìdílé dé oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀. Àwọn tí kò ní in kì í sábà pariwo. Wọ́n a kàn sọ fún olùkọ́ni pé ọmọ àwọn ní ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó ni ètò òṣùwọ̀n tí àjọ FIS, àjọ tí ń darí eré síkíì lágbàáyé, ń lò. Nínú ètò yìí, iye tí ó kéré ni ó dára. Wọ́n a wo bí eléré ti jìnnà tó sí ẹni tí ó gba ipò kìíní, wọ́n a sì fi iye kan kún un gẹ́gẹ́ bí agbára àwọn tí ó wá sáré náà ti tó. Bí àwọn alágbára bá pọ̀ níbẹ̀, iye tí wọ́n fi kún un yóò kéré; bí wọn kò bá sí, iye náà yóò ga. Nítorí náà ọmọ tí ó fi ìṣẹ́jú méjì ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú eré abúlé lè máa gbé òṣùwọ̀n burúkú kiri, nígbà tí ọmọ tí ó gba ipò ogójì níbi tí àwọn àgbà péjọ sí yóò gba èyí tí ó dára. Òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n sì fi ń to eléré lójú ìlà. Nínú eré tí gbogbo ènìyàn ń jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ burú ni yóò wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀nà a fún pọ̀ lójú òkè àkọ́kọ́, ọ̀pá ẹnìkan a kán, ẹlòmíràn a ṣubú, àwọn tí ó wà níwájú a sì ti lọ.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kọkànlá ṣe ń bá ọmọ lọ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ní oṣù kìíní ni ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń wáyé, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì kọjá ọdún 20 tí yóò lọ sí ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ó ti rí òjò dídì láti oṣù kọkànlá, tí ó sì ti kó òṣùwọ̀n dáadáa jọ, yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú ara tí ó ti jí àti ipò tí ó dára. Ẹni tí ó jókòó sílé lórí síkíì onítáyà yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lórí òjò dídì, nọ́ńbà ẹ̀yìn sì ni yóò wà láyà rẹ̀. Nígbà tí èsì bá jáde, wọn yóò ní ẹ̀bùn ni ó fi ẹnìkan ṣáájú ẹnìkejì.

Àwọn kan yóò ní kò sí bí ó ṣe lè rí bí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ní eré tí ó jẹ́ ti òjò dídì kò lè fi òjò dídì sílẹ̀, àti pé àwọn ará Norway, Sweden àti Finland tí ń borí ayé náà ń lé òjò dídì kiri ní oṣù kọkànlá, láti Beitostølen dé Gällivare dé Ruka. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìrìn-àjò wà lára ohun tí ó gbé eléré Amẹ́ríkà dé ibi tí wọ́n wà lónìí. Ní ọdún 2018, ní Pyeongchang ní Gúúsù Kòríà, Kikkan Randall tí ó dàgbà ní Anchorage ní Alaska àti Jessie Diggins tí ó jẹ́ ọmọ Afton ní Minnesota gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ fún Amẹ́ríkà nínú síkíì ọ̀nà jíjìn ní Òlíńpíìkì. Kò sí èyí tí ó dé ibẹ̀ láìrìn jìnnà.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí wọ́n wo ibi tí Diggins ti bẹ̀rẹ̀. Ó sáré fún ẹgbẹ́ ilé-ìwé girama rẹ̀ ní Stillwater, nítòsí ilé, nínú ètò tí àwọn ilé-ìwé Minnesota ti ń bá ara wọn díje láàárín ìpínlẹ̀ náà. Ọkọ̀ ilé-ìwé ni irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń kó ọmọ lọ, olùkọ́ni ilé-ìwé ni ó ń kọ́ wọn, ẹni tí kò tilẹ̀ ní síkíì a sì máa rí yá nígbà mìíràn. Agbami tí ètò yìí ń kó ẹja nínú rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà ilé-ìwé yìí sì ni èyí tí ọmọ aláìní pàápàá lè gbà. Ó bani nínú jẹ́ bí ẹni tí ó gba ọ̀nà yìí dé oríta bá rí i pé ọ̀nà tí ó kù ti di ti ẹni tí ó lè san owó ibodè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Minnesota, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Òbí tí ó ti ilẹ̀ olóoru wá, tí ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, kò mọ ojú ìda, kò sì mọ ohun tí à ń pè ní òṣùwọ̀n FIS. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ràn síkíì, ilé-ìwé ni yóò ti rí i. Ẹgbẹ́ tí ó bá sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ pé kí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Montana kí ó tó lè di ẹni tí à ń kà ti sọ fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn pé eré náà kì í ṣe tirẹ̀.

Orúkọ tí ilẹ̀ Áfíríkà ti ní nínú eré yìí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ní Sochi ní ọdún 2014, Mathilde-Amivi Petitjean sá síkíì ọ̀nà jíjìn fún Togo. Ní Beijing ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan sá a fún Nàìjíríà. Àsíá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, ilẹ̀ Faransé ni àwọn méjèèjì sì ti dàgbà, níbi tí òjò dídì wà nítòsí ọmọdé. Ibi tí òjò dídì bá sún mọ́ ọmọ ni ẹ̀bùn rẹ̀ ti ń hàn. Òtítọ́ yìí kò yàtọ̀ fún ọmọ Lomé, kò sì yàtọ̀ fún ọmọ tí ń gbé ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Minneapolis.

Ojú ọjọ́ ti mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ìgbà òtútù ọdún 2023 sí 2024 gbóná ní Minnesota àti Wisconsin dé ibi tí ilẹ̀ fi gbẹ níbi tí ó yẹ kí òjò dídì bò. Eré ńlá American Birkebeiner, tí ó máa ń ti ìlú kan dé òmíràn la igbó Wisconsin kọjá, di yíyípo lórí ọ̀nà kìlómítà 10 tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe òjò dídì sí. Bí ilé bá gbẹ báyìí, ìrìn-àjò a gùn sí i, oṣù tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà a sì pọ̀ sí i. Owó tí ń yà ọmọ sọ́tọ̀ a wá di ìlọ́po. Ọkọ̀ àti bàálù tí ń kó àwọn ọmọ kiri pẹ̀lú kò ṣàìfi èéfín tirẹ̀ kún ohun tí ń yọ́ òjò dídì náà.

Síbẹ̀ àtúnṣe wà, ó sì wà nílẹ̀. Ní Canmore, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn tí ń bójú tó ọgbà síkíì tí wọ́n kọ́ fún Òlíńpíìkì ọdún 1988 a máa kó òjò dídì jọ gègèrè nígbà òtútù, wọ́n a fi lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn rẹ́ dà sílẹ̀ bò ó jálẹ̀ ìgbà ooru, wọ́n a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá kí àwọn eléré lè bẹ̀rẹ̀. Davos ní Switzerland náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lè rò pé orí òkè nìkan ni èyí ti ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Craftsbury ní ìpínlẹ̀ Vermont kò ga tó 400 mítà, ooru ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin. Síbẹ̀ ní ọdún 2018, wọ́n fi èérún igi bo òkìtì òjò dídì níbẹ̀, ohun tí ó sì ṣẹ́kù nígbà tí ooru lọ ju ìdajì lọ. Ní Minneapolis fúnra rẹ̀, ọgbà Theodore Wirth wà láàárín ìlú, ẹ̀rọ tí ń ṣe òjò dídì wà níbẹ̀, ọmọ sì lè gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀. Lórí òjò dídì ọgbà yìí ni Gus Schumacher, ọmọ Anchorage, ti gba ipò kìíní nínú eré kìlómítà 10 ti ife àgbáyé ní oṣù kejì ọdún 2024, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé àti òbí wọn. Kò sí ọkùnrin Amẹ́ríkà kankan tí ó ti borí nínú eré ọ̀nà jíjìn ife àgbáyé láti ọdún 1983.

Òjò dídì tí a fi pamọ́ lówó lórí, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó sẹ́ èyí. Ọkọ̀ akóyọyọ ni ó ń kó o, iná mànàmáná ni ẹ̀rọ ń jẹ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀nà kìlómítà méjì bá ti wà nílẹ̀, ọmọ 20 lè lò ó, ọmọ 200 náà lè lò ó, ọmọ akọ̀wé àti ọmọ awakọ̀ sì lè wà lójú ọ̀nà kan náà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ilé-ìwé. Owó ìrìn-àjò ní tirẹ̀, ọmọ tí ó bá lọ nìkan ni ó wà fún, ó sì parí ní ọjọ́ tí ó bá padà dé.

Ní ti òfin, Norway tí kò sí ẹni tí ó lè pè ní ọ̀lẹ nínú síkíì ti fi ọ̀nà kan hàn. Láti ọdún 1987 ni àjọ tí ń darí eré ìdárayá ní orílẹ̀-èdè náà ti ní òfin tí ó de eré àwọn ọmọdé. Kò sí títo orúkọ ọmọ sípò kí ó tó di ọdún tí yóò pé ọdún 11, ọmọ tí kò tíì tó 13 kò sì gbọdọ̀ lọ sí ìdíje fún ipò akọni orílẹ̀-èdè. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó yára ní ọmọ ọdún 10 lè jẹ́ ẹni tí ó kàn tètè dàgbà, àti pé ẹni tí yóò ta gbogbo wọn yọ lè ṣì jẹ́ ẹni tí ń ṣeré lẹ́yìn. Òfin yìí kò sọ Norway di aláìlágbára. Àwọn ọmọ tí ó ti abẹ́ rẹ̀ jáde ni ayé ń sá tẹ̀lé.

Òfin mìíràn tún wà tí ó fi hàn pé eré yìí lè yí padà bí ó bá fẹ́. Láti ìgbà òtútù 2023 sí 2024 ni FIS ti fòfin de ìda tí ó ní èròjà fluor nínú, nítorí ewu rẹ̀ fún ara àti fún ilẹ̀. Ìda náà wọ́n bí ojú, ó sì ń fún ẹni tí ó bá lè rà á ní eré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní kò sí bí síkíì yóò ṣe wà láìsí i. Ó ṣì wà.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe kò pọ̀. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, kí òṣùwọ̀n tí wọ́n kó jọ nínú eré ọ̀nà jíjìn ní oṣù kọkànlá má ṣe ní ọwọ́ nínú ipò tí wọn yóò wà lójú ìlà tàbí nínú yíyàn wọn sí ẹgbẹ́ kankan. Nínú eré àkọ́kọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣẹ́ gègé fún ipò ìbẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù sì fi ẹsẹ̀ gba ipò tirẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Kí àwọn àjọ tí ń gba ọrẹ láti ọ̀dọ̀ aráàlú fún ìrìn-àjò àwọn ọ̀dọ́ ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òjò dídì tí yóò wà nítòsí ilé. Kí West Yellowstone àti irú ibẹ̀ sì máa jẹ́ ibi ẹ̀kọ́: kí ọmọ rọra sá, kí ó wo àgbà, kí ó kọ́ ìda, kí ó sùn dáadáa, kí ó padà sílé pẹ̀lú ara tí ó le.

Àwọn kan yóò béèrè pé bí kò bá sí òṣùwọ̀n níbẹ̀, ta ni yóò rin 1,500 kìlómítà? Ẹni tí ó bá lè rìn ín yóò rìn ín, nítorí òjò dídì tó ohun tí ènìyàn ń rin ìrìn-àjò tìtorí rẹ̀. Ohun tí yóò yí padà ni pé ẹni tí kò lè rìn ín kò ní tìtorí ìyẹn pàdánù ìgbà òtútù rẹ̀. Yóò wà ní ọgbà ìlú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná yóò tàn sórí ọ̀nà kìlómítà méjì, olùkọ́ni yóò dúró lójú òkè, yóò máa sọ fún un pé kí ó gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ lé síkíì kí ó tó tì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sì ní ẹ̀ṣọ́ rárá, kí àwọn àgbà eré yìí ran ilé náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó bi ọmọ náà léèrè ìdí tí kò fi jáde sí ìta.